Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Láàárín Omi

Bàbá Awódélé fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì bu omi là á. Mo bi í pé ṣé kí n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, ó ní rárá. Ó ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí wọn kò bá sì mọ ẹni tó jìn sí i, ta ni yóò rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bó bá jẹ́ olè tàbí àlè lẹ ń retí, ẹ tètè ṣí ojú ewé mìíràn. Àgbàlagbà kan ló hu ìwà tí ọmọdé kì í hù, nítorí pé kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ ó sì rí i pé ó pọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni Awódélé ń wà ní dáàmù tó wà lẹ́yìn ìlú Ilé-Ifẹ̀, láti èbúté ìhín lọ sí Abà Lágúnjú ní òdìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ lọ sí abà yẹn yóò jókòó sórí ọ̀kadà fún wákàtí méjì nínú kòtò òun gegele. Ọkọ̀ Awódélé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Àwọn àgbẹ̀ máa ń kọjá láàárọ̀ kùtù, wọ́n á padà nírọ̀lẹ́. Láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, òun àti omi ló máa ń wo ara wọn.

Àdúgbò Ilare nínú ìlú ló ń gbé. Àyọ̀kẹ́ aya rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Fikáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Àbújá, a sì máa pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Fikáyọ̀ á ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Òun náà á ní kò sí. Fikáyọ̀ á ní kí bàbá òun máa jẹun dáadáa. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó parí, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó sọ fún mi pé ìgbà kan wà tí òun máa ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkòríta lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Búrẹ́dì ń hu olú sórí tábìlì, òun sì tún ń lọ rà sí i. Obìnrin yẹn nìkan ló máa ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Bí mo ti ń gbọ́ èyí, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i, nítorí mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Hàlímàt ló kàn. Ìyá Sùmáyà ni gbogbo èbúté mọ̀ ọ́n sí. Ewé ló ń tà, ewé tí àwọn ẹlẹ́kọ àti àwọn tó ń ṣe mọ́ínmọ́ín fi ń pọ́n nǹkan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Sátidé ló máa ń lọ sí Abà Lágúnjú lọ kó o, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, yóò sì padà ní bí aago méjì ọ̀sán. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló sábà máa ń wà nínú ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí ọ̀nà Kánò, ó sì wà láàyè, ara rẹ̀ le. Nítorí náà, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí ẹ ń gbé e lọ.

Obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì. Yóò wọlé, yóò ní, "Bàbá, ẹ kú ojú omi o, ṣé àlàáfíà la bá yín?" Ẹ́ńjìnnì á bú ramúramù. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, yóò kí i, yóò gbé ewé rẹ̀, ó di gbéré.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Awódélé gbàgbé nǹkan kékeré kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, kò le. Táńkì epo ọkọ̀ náà kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì. Èyí tí a ń gbé lọ́wọ́ ni, oníke pupa, a máa ń gbé e sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, rọ́bà kan á sì fa epo láti inú rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì. Kókó kékeré kan wà lórí ìdérí rẹ̀ tí a máa ń fi ọwọ́ yí. Ihò atẹ́gùn ni kókó yẹn ń ṣí tó sì ń tì. Bí èèyàn bá ń gbé táńkì náà bọ̀ láti ilé lórí ọ̀kadà, yóò tì í pa, kí epo má baà dà. Bó bá dé inú ọkọ̀, yóò tú u, kí atẹ́gùn lè máa wọlé bí epo ti ń jáde. Bí atẹ́gùn kò bá rọ́nà wọlé, epo náà kò ní lè jáde. Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ díẹ̀, ebi á pa á, á kú.

Ohun tó gbàgbé láti tú nìyẹn. Wọ́n dé àárín dáàmù, ẹ́ńjìnnì sín lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

Gbogbo ibẹ̀ wá pa rọ́rọ́. Awódélé tẹjú mọ́ rọ́bà, ó ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Hàlímàt ní kó má kánjú, ó ní ọjà òun kì í sá. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Abdulsalam ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń gbé e pọ̀n kọjá odò lọ sí ilé kéú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ó ní ẹran inú ọbẹ̀ òun ni owó ọkọ̀. Ó ní bí omi bá kún, owó ọkọ̀ á di ẹran méjì, Abdulsalam á sì dúró sáàárín odò pẹ̀lú òun lẹ́yìn rẹ̀, yóò ní òun kò ní rìn àfi tó bá gbọ́ "mo gbà."

Awódélé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohùn ẹ̀rín náà ṣàjèjì létí òun, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wà nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ló rí kókó náà. Ó tú u, táńkì náà mí "ṣìììì," ẹ́ńjìnnì sì gbiná. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé táńkì sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí kókó náà láti tú u, ó sì fa ọwọ́ padà.

Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó ní kò sí ẹni tí yóò pa lára. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó ti fóònù láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ló burú nínú kí àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdajì wákàtí? Ẹ kò rí i bí èèyàn ṣe máa ń gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò, tí yóò tún fi ara rẹ̀ ṣe adájọ́.

Ẹ́ńjìnnì kú láàárín omi. Hàlímàt tún sọ̀tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, Awódélé náà sọ tiẹ̀, ó sọ bí Àyọ̀kẹ́ ṣe máa ń gbé oúnjẹ òun wá sí èbúté, tí yóò sì jókòó títí òun yóò fi jẹ ẹ́ tán, kó má baà jẹ́ ẹja ni yóò jẹ ẹ́. Kò tíì dárúkọ Àyọ̀kẹ́ lójú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìrántí ogójì ọjọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Ó kọ́ ọ bí iṣẹ́ ọwọ́. Bí epo bá kún táńkì, kì í pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń kú, nítorí àyè atẹ́gùn inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá jẹ́ ìdajì, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ kó tó dákẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé, ó máa ń rọ epo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí Hàlímàt tó dé. Ohun tó ń dà á láàmú ni "ṣìììì" tí táńkì máa ń ṣe nígbà tó bá tú kókó. Ó wá ọgbọ́n dá sí i. Bó bá ti fẹ́ tú u, yóò wúkọ́ dáadáa, ikọ́ tó gùn, ikọ́ àgbà, ariwo táńkì á sì rì sínú rẹ̀.

Hàlímàt á ní, "Bàbá, ẹ wá nǹkan ṣe sí ikọ́ yìí." Lọ́jọ́ kan, ó tilẹ̀ mú orógbó àti oyin bọ̀ fún un láti abà. Awódélé gbà á, ó dúpẹ́, ó sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Bí oṣù méjì kọjá, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ó ní òun ti bi àwọn àgbẹ̀, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kì í kú fún àwọn. Ó ní, "Ó jọ pé èmi ni ọkọ̀ yìí kò fẹ́, Bàbá. Bóyá kí n máa gba orí ilẹ̀." Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Awódélé gbà á sí òótọ́. Irọ́ ní ń bí irọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti kókó náà mọ́ àwọn àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dà bí ẹni pé táńkì ló ti gbó.

Àwọn kò ní ìtàn láti sọ. Èébú ni wọ́n ń bú. Lágúnjú, baálẹ̀ abà náà, jókòó sáàárín omi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́rin tí oòrùn ń pa. Ó ní bí ọkọ̀ náà kò bá ní í gbọ́ràn mọ́, àwọn yóò wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbé àwọn. Awódélé bẹ̀ ẹ́, ó ní táńkì ni, ó ní òun ń wá nǹkan ṣe sí i.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí n kò fẹ́ dé nínú ìtàn yìí.

Hàlímàt kọjá láàárọ̀ láìsí wàhálà. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lu, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté abà láìgbé ewé kankan. Kò béèrè bóyá àlàáfíà ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó jókòó síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì fi ìborùn bo orí.

Awódélé ti ti kókó náà pa kí ó tó dé. Ó rí i pé ara obìnrin náà kò dá. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ìdérí táńkì. Ó ní kí òun tú u. Ó tún ní bóyá ọkọ rẹ̀ ló múnú bí i, bó bá rí ẹni sọ ọ́ fún díẹ̀, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ó sọ fún mi pé òun mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni òun ń pa fún ara òun. Kì í ṣe ara Hàlímàt ló ń wá ìfúyẹ́. Ó fa ọwọ́ padà, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbéra.

Ẹ́ńjìnnì kú ní àárín gbùngbùn.

Hàlímàt yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe òní. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí láti ilé, ìsinsìnyí ló wọlé, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo bi wọ́n pé ṣé ara rẹ̀ ò yá ni, wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ yìí, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó ṣì wà lọ́nà. Ìgbà tí wọn kò bá sọ nǹkan kan ni wọ́n ti sọ ọ́ tán. Awódélé náà mọ̀ ọ́n. Ó tú kókó náà, ó sì rántí wúkọ́ kí ariwo rẹ̀ má baà hàn. Nínú jìnnìjìnnì náà, ó fa okùn, ó fa okùn, epo kún ẹ́ńjìnnì lápọ̀jù, ó kọ̀, kò gbiná.

Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ. Kí ó tó gbiná, wọ́n ti wọ àárín òṣíbàtà, àwọn ewé gbàràgàdà tó tẹ́ sójú omi níhà ìsàlẹ̀ dáàmù. Bí ẹ́ńjìnnì ti yí lẹ́ẹ̀kan, itàkùn òṣíbàtà wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi. Ó fi ọ̀bẹ gé e. Ó tún wé. Ó gbé àjẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń ro oko, Hàlímàt sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tú ewé kúrò níwájú. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìpè ìrun Àlàásárì láti ìlú, ó ń bọ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lórí omi. Hàlímàt dáwọ́ dúró, ó tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló ń bá ewé tútù nìṣó.

Nígbà tó fi dé ilé, wọ́n ti kírun sí Abdulsalam lára, wọ́n ti gbé e lọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti kú. Wọ́n dúró dè é lásìkò Ayílà, wọ́n dúró dè é títí di Àlàásárì, ààfáà ní ó tó gẹ́ẹ́, òkú kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń padà bọ̀ láti itẹ́ òkú pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ láé.

Awódélé lọ bá a kẹ́dùn ní ọjọ́ kẹta. Ó ti múra sílẹ̀ láti jẹ́wọ́. Hàlímàt ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń tù ú nínú. Ó ní kó má bínú, ó ní òun rí bí ó ṣe làágùn fún òun lọ́jọ́ náà, ó ní táńkì burúkú yẹn ló ṣe àwọn méjèèjì ní ibi. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún pàdánù òkú rẹ̀ nítorí táńkì. Òun ti bá Lágúnjú sọ ọ́, àwọn ará abà ti dá owó jọ, òun tí òun mọ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Sábó dáadáa ni wọ́n sì ní kí òun bá Awódélé lọ yan tuntun.

Ó yẹ kí ó sọ ọ́ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní obìnrin náà bu omi fún òun, ó jókòó ti òun, ó sì ń bá òun sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ó ní òun kò lè fi ìjẹ́wọ́ ba ìjókòó náà jẹ́. Ṣé ẹ rí i? Àní nínú ọ̀fọ̀ tí ó fi ìwà rẹ̀ dá kún, ó ṣì ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n jọ lọ sí Sábó lọ́jọ́ Ajé. Abdulrazaq ni wọ́n lọ bá, ó ń ta jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tòkunbọ̀ lóríṣiríṣi, ẹnu rẹ̀ sì dùn. "Hàjíà" ló ń pe Hàlímàt, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Hàlímàt kò tíì dé Mẹ́kà.

Ó gbé táńkì onírin kan kalẹ̀ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun. Hàlímàt gbé e mì, ó gbọ́ nǹkan tó ń dún wóróró nínú rẹ̀. Ó tan iná fóònù sí ihò rẹ̀, ó rí ìpẹtà. Ó ní kó gbé e kúrò. Abdulrazaq rẹ́rìn-ín, ó fi kẹ́ẹ̀gì ńlá kan hàn wọ́n tí wọ́n dá ihò sí lórí fún rọ́bà, ó ní èyí kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hàlímàt bi í bóyá òun náà lè gbé e sínú ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ó sọ òótọ́. Ó ní kẹ́ẹ̀gì òróró ni, wọn kò ṣe é fún epo ọkọ̀, bí oòrùn bá pa á yóò wú, ìdérí rẹ̀ á sì máa jò.

Ìkẹta ni táńkì oníke pupa tí kò tóbi jù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní máa yí kiri nínú ọkọ̀. Hàlímàt ní kí Awódélé gbé e wò, kí àwọn mọ̀ bóyá kò ní wúwo jù fún un. Ó gbé e. Ó ní kò wúwo. Láti àárọ̀, gbólóhùn tó sọ kò ju mẹ́ta lọ.

Hàlímàt ní àwọn kò ní í rà á láìdán an wò. Abdulrazaq gbé e sórí ilẹ̀, ó rọ epo tí wọ́n ti po mọ́ ọ́ìlì sí i, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó kún dé ẹnu, nítorí epo máa ń wú nínú oòrùn. Ó fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó wà lára dúrọ́ọ̀mù omi, ó fi ọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù tó ń fa epo láàárín rọ́bà náà títí ó fi le, ó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì bú.

Ó wá ní, "Hàjíà, ẹ wo nǹkan kan. Èyí ló máa ń da àwọn tí kò mọ ọkọ̀ láàmú." Ó yí kókó orí ìdérí náà, ó tì í. Wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bọ́ọ̀lù rọ́bà náà pẹlẹbẹ, ikùn táńkì fà wọlé, ẹ́ńjìnnì sín lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Abdulrazaq ní, "Kò sí ohun tó ṣe é. Atẹ́gùn ni kò rí. Ẹ gbọ́." Ó tú kókó náà.

Ṣìììì.

Abdulrazaq ń bá àlàyé rẹ̀ lọ, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Hàlímàt kò wo táńkì mọ́. Ojú Awódélé ló ń wò.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò wúkọ́ lónìí."

Hàlímàt nawọ́ sí kókó náà.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń tì í?"

"Èmi ni."

"Ti ọjọ́ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Awódélé ní òun wá irọ́ kan títí, òun kò rí. Ó ní, "Ti ọjọ́ náà pẹ̀lú. N kò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Hàlímàt kò pariwo, kò bú u. Ó yíjú sí Abdulrazaq, ó san owó táńkì náà, ó gba ìwé rẹ̀. Ó sọ fún Awódélé pé kó gbé e, àwọn ará abà ní láti kọjá lọ́la. Ó pe ọ̀kadà tirẹ̀, ó lọ. Awódélé gbé táńkì náà láti Sábó dé Ilare lẹ́sẹ̀.

Ó retí kí ọ̀rọ̀ náà dé abà. Kò dé. Hàlímàt kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lópin ọ̀sẹ̀, Awódélé fúnra rẹ̀ lọ bá Lágúnjú, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo abà. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e. Lágúnjú ní ta ni yóò wá wa ọkọ̀? Ó ní ẹni tó ń gbé wa kọjá omi, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí wa wà, a kò sì ní ẹlòmíràn. Wọ́n wá ṣe òfin kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ni yóò yẹ kókó táńkì wò kí wọ́n tó gbéra. Títí di òní, àwọn ọmọdé pàápàá ń bẹ̀rẹ̀ wò ó kí wọ́n tó jókòó, lójú rẹ̀.

Hàlímàt nìkan ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣì ń kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé. Yóò ní "ẹ káàárọ̀," yóò jókòó síwájú, yóò kọjú sí ibi tí wọ́n ń lọ. Awódélé kò mọ̀ bóyá ó fọkàn tán òun ni, tàbí kò kàn fẹ́ fi ojú rẹ̀ kan táńkì náà. Ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, wọ́n gúnlẹ̀, kò ju ìyẹn lọ.

Ohun tó ní kí n sọ fún yín nìyí, mo sì ń sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ilé yín dákẹ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé ẹ dá wà. Ìtìjú yẹn kéré sí èyí tí òun ń gbé kiri báyìí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pe bàbá yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi díẹ̀ kún un. Èmi fúnra mi gbé fóònù lọ́jọ́ tí mo kọ èyí, mo pe ìyá mi.

Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté ìhín lọ́sàn-án. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Awódélé pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ ohun tí kò tíì fi ẹnu sọ rí láti ọdún mẹ́rin.

Ó ní, "Ìyá Sùmáyà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó díẹ̀. N kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

Hàlímàt gbé ìdì ewé rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo àga pákó tó wà lábẹ́ igi.

Ó ní, "Bàbá, ká ní ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti jókòó."

Ó ká òṣùká rẹ̀, ó gbé e lé orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ níwájú ìdì ewé náà. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e rù mí."

Awódélé gbé e rù ú. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì gun òkè èbúté lọ sílé.